Fáìlì Méjìlá Tí Wọ́n Sun ní Kabala Costain

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ajé kò tíì lù tí èéfín fi bẹ̀rẹ̀ sí í rú láti inú àgbàlá gbọ̀ngán Ẹgbẹ́ Ìfẹ́sowápọ̀ ní Kabala Costain, ní Kàdúná. Kí àwọn ará àdúgbò tó gbé omi débẹ̀, fáìlì méjìlá ti di eérú. Àgbàlá kékeré ni, ó wà láàrin ọ́fíìsì ẹgbẹ́ àti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, iná náà kò sì ran nǹkan mìíràn.

Fáìlì aláwọ̀ ewé ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjìlá ni. Wọ́n ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, wọ́n sì ti gbà láti kọ́ni ní fíṣíìsì, kẹ́mísírì àti ìṣirò, àwọn iṣẹ́ tí ilé ìwé ń wá olùkọ́ wọn títí tí wọn kì í rí. Àjọ aláàánú kan ní Àbújá ló ń san owó ilé ìwé wọn, ó sì ń fún wọn ní owó oúnjẹ lóṣooṣù. Àdéhùn ibẹ̀ ni pé tí wọ́n bá parí, wọ́n á fi ọdún mẹ́ta kọ́ àwọn ọmọ níbi tí olùkọ́ ò sí. Ẹgbẹ́ Ìfẹ́sowápọ̀ ló ń bá àjọ náà mójú tó wọn. Ẹni tí ẹgbẹ́ sì gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́ ni Bàbá Abdulkareem, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo Kabala ń pè ní Pírínsípà.

Pírínsípà ló kọ́kọ́ figbe ta, òun náà ló dárúkọ ẹni tó ṣe é. Ó ní Moyinọlá ni, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, tó wá bá òun jà ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ náà.

Kó tó di ọ̀sán, ọlọ́pàá méjì ti lọ mú ọmọ náà ní ilé àǹtí rẹ̀ ní Ungwan Boro. Wọn ò bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Àgbàlagbà ti sọ̀rọ̀, ó parí náà nìyẹn. Bí a ṣe ń ṣe é láàrin ara wa nìyí, ó sì ń bí ẹni tó ń sọ ìtàn yìí nínú. Ẹni tó bá ti hewú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti di ẹ̀rí. Ọmọdé tó bá ní òun ò ṣe é, wọ́n á ní ó ń ya ẹnu sí àgbà. Ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kọ́lẹ́ẹ̀jì yóò ti ìforúkọsílẹ̀ ọdún tó kẹ́yìn. Tí Moyinọlá bá wà látìmọ́lé títí di ìgbà yẹn, ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ọpẹ́lọpẹ́ pé Inspẹ́kítọ̀ Fẹ́yìsayọ̀ Oyèlékè ni wọ́n gbé ẹjọ́ náà fún. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ṣùgbọ́n Kàdúná ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló sì dàgbà sí. Obìnrin kúkúrú ni, ó máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ débi pé ẹni tó ń parọ́ fún un á rò pé ó ti gba òun gbọ́. Aago méjì ọ̀sán ló dé gbọ̀ngán náà.

"Bàbá, ẹ kú ìdààmú," ló wí fún Pírínsípà. "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà," ni Pírínsípà fi dá a lóhùn. Ó jókòó sórí àga ní ìta gbọ̀ngán, fìlà funfun lórí, ohùn rẹ̀ sì tutù bíi ti ẹni tó ń wàásù. "Láti Jánúárì ni mo ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú owó ìrànwọ́. Ọ̀lẹ ni. Kò lọ kọ́ni fún ìdánrawò tí gbogbo wọn gbọ́dọ̀ ṣe. Ó wá láàárọ̀ yìí, ó ń lọgun lé mi lórí. Mo ní kó máa lọ. Kò ju wákàtí méjì lọ lẹ́yìn náà tí mo rí iná."

"Ibo ló gbà wọlé?"

"Ẹ̀yìn ló gbà. Láti aago mẹ́jọ ni mo ti jókòó sórí àga yìí, mi ò dìde. Ẹnikẹ́ni ò gba iwájú mi kọjá."

"Kọ́bọ́ọ̀dù tí àwọn fáìlì wà ńkọ́?"

"Ìbínú ọmọ yẹn ni ò jẹ́ kí n rántí tì í."

Inspẹ́kítọ̀ wọ ọ́fíìsì. Kọ́bọ́ọ̀dù onírin ni. Àgádágodo rẹ̀ rọ̀ sára rẹ̀ ní ṣíṣí, kò sí ibi tí wọ́n fi nǹkan ha lára rẹ̀. Fáìlì tó kún inú rẹ̀ lé ní ọgọ́ta: ti owó ẹgbẹ́, ti ìsìnkú, ti ilẹ̀ tí wọ́n ń bá ara wọn ṣẹjọ́ lé lórí. Gbogbo wọn tò létòlétò. Àyè àwọn aláwọ̀ ewé méjìlá nìkan ló ṣófo. Ó wò ó títí. Ó ń rò ó pé ẹni tí inú ń bí tó bẹ́ẹ̀, báwo ló ṣe rójú ṣa fáìlì?

Ó jáde, ó gba ẹ̀gbẹ́ yípo sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Sherifat ló ń dín àkàrà níbẹ̀, àkàrà tí àwa ará Kàdúná máa ń pè ní kósáì. Ó ti ń fọ agbada rẹ̀.

"Ibí yìí lẹ máa ń jókòó sí lójoojúmọ́?" ni Inspẹ́kítọ̀ bi í.

"Ibí náà ni, Mádáámù. Ibòji ló fà mí débí. Àpò èédú mi àti bẹ́ǹṣì mi, ara ilẹ̀kùn yìí ni mo máa ń tì wọ́n sí."

"Inú ni ilẹ̀kùn náà ń ṣí sí, àbí ìta?"

"Ìta ni. Tí mo bá wà níbí, kò ṣeé ṣí. Bí èéfín ṣe ń rú yẹn, èmi ni mo sáré gbé àpò kúrò kí wọ́n tó rọ́nà gbé omi wọlé."

"Ṣé ẹnì kan ti sọ pé kí ẹ sún un ṣáájú ìgbà yẹn?"

"Wallahi, kò sí. Láti aago mẹ́fà ni mo ti wà níbí, mi ò kúrò. Àpò èédú kan gbáko, wọ́n á wá gbé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mi ò ní mọ̀?"

Inspẹ́kítọ̀ ra kósáì igba náírà, ó jẹ ẹ́ níbẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì kọrí sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Moyinọlá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú àtìmọ́lé, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni. Kò sunkún. Inú tó ń bí i ti gbẹ omi ojú rẹ̀.

"Kí lo lọ ṣe lọ́dọ̀ Pírínsípà láàárọ̀?"

"Ìwé ni mo lọ bẹ̀ wọ́n fún, mà. Tí n bá rí ìwé pé ẹgbẹ́ mọ̀ mí, kọ́lẹ́ẹ̀jì lè ní sùúrù fún mi lórí owó. Wọ́n ní àwọn ò lè kọ ìwé fún ẹni tí wọ́n ti yọ. Wọ́n ní kí n lọ wá ọkọ fẹ́, pé fíṣíìsì kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin. Ìgbà yẹn ni mo pariwo."

"Wọ́n ní o kò lọ ṣe ìdánrawò."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ lọ? Àwọn fúnra wọn ló ní ilé ìwé tó yẹ kí n lọ, ní àdúgbò Television, ti ní olùkọ́, pé kí n dúró. Mo dúró. Nígbà tó di Jánúárì, wọ́n ní mi ò lọ, pé àwọn ará Àbújá ti yọ mí. Láti ìgbà yẹn, aṣọ ni mo ń bá àǹtí mi rán ká lè jẹun."

"Ta lo sọ fún?"

Moyinọlá wolẹ̀. "Mi ò sọ fún ẹnì kankan, mà. Ìtìjú ni."

Ìdáhùn yẹn ni Inspẹ́kítọ̀ mú lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó pe àjọ náà ní Àbújá, ó sọ ẹni tí òun jẹ́, ó sì bi wọ́n léèrè nípa ọmọ tó ń jẹ́ Moyinọlá. Obìnrin tó gbé fóònù ní orúkọ rẹ̀ wà nílẹ̀ digbí, pé ó wà lára àwọn tó ń ṣe dáadáa jù. Kò sí oṣù kan tí àwọn ò san owó rẹ̀ fún ẹgbẹ́. Ó tún ní àwọn ti kọ̀wé sí Pírínsípà ní ọjọ́ Jímọ̀ pé ẹnì kan yóò wá ní Ọjọ́bọ̀ láti rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà lójúkojú, kó sì fi ìfọwọ́sí wọn wé èyí tó wà nínú ìwé tí wọ́n fi ń gba owó. Nínú fáìlì aláwọ̀ ewé ni ìwé náà wà ní Kabala. Ìròyìn iṣẹ́ ìkọ́ni nìkan ni Pírínsípà ń fi ránṣẹ́ sí wọn lórí fóònù.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi gbogbo ìròyìn yẹn ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù àwọn méjèèjìlá," ni Inspẹ́kítọ̀ wí.

Ó pe àwọn mọ́kànlá tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta ń gba owó wọn. Mẹ́jọ ní Pírínsípà ti sọ fún àwọn láti Jánúárì pé wọ́n ti yọ àwọn. Ọ̀kan ń wa kéké akérò ní Television. Ọ̀kan ti padà sí Ọ̀yọ́. Kálukú wọn rò pé òun nìkan ni wọ́n yọ, kálukú sì fi ìtìjú rẹ̀ pamọ́. Ẹ gbọ́ ná. Ọmọ mẹ́sàn-án tó fẹ́ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, wọ́n sọ fún wọn pé ọ̀lẹ ni wọ́n, wọ́n sì gbà á gbọ́ nítorí pé ẹnu àgbà ló ti jáde.

Ìròyìn lórí Moyinọlá gùn. Pírínsípà fọwọ́ sí i nísàlẹ̀. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹwàá oṣù Épírìlì, aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ òwúrọ̀, òun jókòó sí kíláàsì SS2 ní Television, òun sì wo bí ó ṣe kọ́ wọn nípa iná mànàmáná, pé ó dára gan-an. Inspẹ́kítọ̀ ka ọjọ́ náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé fóònù, ó pe obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé inú ọgbà kan náà, ó bi í ní ọ̀rọ̀ kan, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó lọ sí ilé ìwé náà ní Television. Igbákejì ọ̀gá ibẹ̀, Mádáámù Rasheedah, mú un dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì SS2. Aago mẹ́sàn-án ni. Àwọn ọmọ gbé orí lé tábìlì, wọ́n ń sùn.

"Fíṣíìsì ni wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ yìí," ni Mádáámù Rasheedah wí. "Ọdún méjì rèé tí a ò ti ní olùkọ́. A ní kí wọ́n máa ka ìwé, ìwé náà ò sì kárí."

"Ẹnì kankan ò wá láti kọ́lẹ́ẹ̀jì wá kọ́ wọn?"

"Ta ló wá? Ilé Ẹgbẹ́ Ìfẹ́sowápọ̀ ní Kabala ni mo ti lọ bẹ̀bẹ̀. Bàbá kan níbẹ̀ ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ò fẹ́ wá sí ọ̀dọ̀ wa."

Inspẹ́kítọ̀ fi ìròyìn náà hàn án. Mádáámù Rasheedah kà á, ó tún ọjọ́ inú rẹ̀ wò, ó ní, "Ọlọ́run á mú un."

"Èmi ni mo máa kọ́kọ́ mú un," ni Inspẹ́kítọ̀ fi dá a lóhùn.

Ní aago méjìlá ọ̀sán, àwọn àgbà ẹgbẹ́ péjọ sí gbọ̀ngán. Alága wọn, Alhaji Tàjúdéènì, tó ń ta páànù àti símẹ́ǹtì, ló pè wọ́n. Ète wọn ni pé kí Moyinọlá kúnlẹ̀ bẹ Pírínsípà, kí wọ́n sì bẹ ọlọ́pàá kí ọ̀rọ̀ tán. Inspẹ́kítọ̀ mú ọmọ náà wọlé. Aṣọ àná ló ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Moyinọlá, kúnlẹ̀," ni Alhaji wí. "Ọwọ́ ọ̀tún la fi ń bá ọmọ wí, ọwọ́ òsì la fi ń fà á mọ́ra. Bẹ bàbá rẹ."

"Kó dúró ná, sà," ni Inspẹ́kítọ̀ wí. Ó yíjú sí Pírínsípà. "Bàbá, ẹ sọ fún mi lánàá pé láti Jánúárì lẹ ti yọ ọ́. Àwọn ará Àbújá ní ẹ ń ròyìn rẹ̀ fún àwọn, ẹ sì ń gba owó rẹ̀ títí di oṣù tó kọjá. Èwo ni ká gbà?"

Pírínsípà tún fìlà rẹ̀ dé. "Àánú rẹ̀ ló ṣe mí. Mo dá a padà, mi ò pariwo rẹ̀. Èmi fúnra mi lọ wò ó níbi tó ti ń kọ́ni. Ohun tí mo sì rí gbà nìyí."

Àwọn àgbà mi orí. Ọ̀kan ní, "Ẹ ò rí oore." Moyinọlá fẹ́ sọ̀rọ̀. Inspẹ́kítọ̀ na ọwọ́ sí i pé kó dákẹ́.

"Ẹ fi ojú yín rí i tó ń kọ́ni, Bàbá?"

"Ojú mi méjèèjì."

"Ọjọ́ wo ni?"

"Ó wà nínú ìròyìn mi. Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹwàá Épírìlì. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀."

"Àwọn ọmọ mélòó ló wà ní kíláàsì?"

"Méjìlélógójì. Mo kà wọ́n. Mo jókòó títí ó fi parí. Mo lè búra."

"Ẹ má tíì búra," ni Inspẹ́kítọ̀ wí jẹ́jẹ́. "Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, fọ́tò máa ń wà nínú fóònù yín. Níbo lẹ wà ní ọjọ́ kẹwàá Épírìlì, aago mẹ́sàn-án ààbọ̀?"

Alhaji fi ìka tẹ fóònù rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ lọ, ó tẹ̀ ẹ́ bọ̀, ó sì dúró lójú fọ́tò kan. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Yídì la wà. Ọjọ́ ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ ni."

"Ta ló jókòó tì yín nínú fọ́tò yẹn, ní ìlà iwájú?"

Alhaji na fóònù náà sí àwọn tó kù. Pírínsípà ló wà nínú fọ́tò, nínú agbádá funfun, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé," ni Inspẹ́kítọ̀ wí. "Nínú kàlẹ́ńdà tí ilé ìwé tẹ̀ sílẹ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n fi ọdún sí, Ọjọ́rú ni ìwọlé. Kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ni Bàbá ti jókòó sílé kọ ìròyìn yìí, ó sì mú ọjọ́ ìwọlé. Ṣùgbọ́n oṣù ò lé ní alẹ́ ọjọ́ Ajé. Ààwẹ̀ pé ọgbọ̀n, ọdún sún sí Ọjọ́rú, ilé ìwé wà ní títì. Ìròyìn ti wà nílẹ̀, Bàbá ò rántí tún un ṣe. Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni mí, mi ò gbààwẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ gbàgbé ọdún yẹn. Aládùúgbò mi kì í jẹ́ kí n dáná lọ́jọ́ ọdún. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà, mo gbé ìkòkò kalẹ̀, mo ń retí oúnjẹ ọdún. Gàrí ni èmi àtàwọn ọmọ mi mu sùn. Mo pè é lánàá kí n má baà ṣìṣe, ó sì tún fi mí ṣẹ̀fẹ̀."

Àgbà kan rẹ́rìn-ín, ó sì yára wúkọ́ bò ó.

"Iná yẹn ńkọ́? Bàbá gbọ́ ní ọjọ́ Jímọ̀ pé ẹni tó máa yẹ ìfọwọ́sí wò ń bọ̀. Òun ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọwọ́ bọ ìwé fún ọmọ mẹ́sàn-án. Ó di dandan kí fáìlì méjèèjìlá sọnù, kí ó sì rí ẹni tí a máa dá lẹ́bi. Moyinọlá ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó sì pariwo. Bàbá fi kọ́kọ́rọ́ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ṣa àwọn aláwọ̀ ewé nìkan, ó dáná sí wọn. Ó sọ fún mi pé òun wà níwájú, ẹnikẹ́ni ò gba ibẹ̀ kọjá. Sherifat wà lẹ́yìn, àpò èédú rẹ̀ ló dí ilẹ̀kùn, ẹnikẹ́ni ò gba ibẹ̀ kọjá. Tí ẹnikẹ́ni ò bá gba iwájú, tí ẹnikẹ́ni ò sì gba ẹ̀yìn, ẹni tó jókòó níwájú ló dáná. Ìwọ̀nba ìyẹn ni."

Pírínsípà bọ́ fìlà rẹ̀. Orí rẹ̀ funfun báláú.

"Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ni," ló wí. "Ẹ̀yin ẹ béèrè bóyá ìjọba san owó ìfẹ̀yìntì mi. Ọdún mẹ́fà ni mo fi tò. Òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, n kò rówó rà. Ta ló bi mí?"

"Wọ́n rẹ́ yín jẹ, Bàbá. Mi ò ní parọ́ pé wọn ò rẹ́ yín jẹ," ni Inspẹ́kítọ̀ wí. "Ẹ sì mọ bó ṣe ń rí. Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ wá lọ ṣe é fún ọmọ tó fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ tí ẹ ṣe. Ẹ gba oúnjẹ rẹ̀, ẹ pè é ní ọ̀lẹ, nígbà tí ìyẹn ò tó, ẹ fi í sí àtìmọ́lé. Mo wà ní Television láàárọ̀ yìí. Mo rí àwọn ọmọ SS2 tí wọ́n ń sùn lásìkò fíṣíìsì. Ọmọ mẹ́sàn-án nìkan kọ́ lẹ jà lólè."

Ó pàṣẹ kí wọ́n mú un dìde. Alhaji Tàjúdéènì náà dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Inspẹ́kítọ̀, ẹ jọ̀ọ́. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ẹgbẹ́ á san owó náà padà. Àgbà ni. Ojú á ti gbogbo wa." Ó yíjú sí Moyinọlá. "Ìwọ náà, ọmọ mi, ìwọ lo ni ẹjọ́. Sọ fún wọn pé o ti dárí jì í. Orúkọ ẹgbẹ́ yìí ò gbọdọ̀ bàjẹ́."

Lánàá, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó dé àgọ́ ọlọ́pàá láti béèrè bóyá ọmọ náà ti jẹun.

Moyinọlá wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Inspẹ́kítọ̀ ti fún un ní ìwé tí àwọn ará Àbújá kọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ká a mọ́ ọwọ́. Ó kúnlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí wọ́n kọ́, ó kí wọn, ó sì dìde.

"Mo ti gbọ́, sà," ló wí. "Àwọn ọmọ SS2 tún máa ṣe fíṣíìsì lọ́la ní Television. Nínú ẹ̀yin bàbá mi tẹ́ ẹ jókòó yìí, ta ló máa lọ kọ́ wọn?"

Alhaji sọ ọwọ́ méjèèjì tó nà kalẹ̀.

"Ó ku wákàtí mẹ́ta kí kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ti ìforúkọsílẹ̀," ni Moyinọlá wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún mi."

Wọ́n yà fún un, ó bá àárín wọn kọjá, ó sì dá kéké dúró.